Fílítà Tó Gbẹ Nídìí Lè Máa Jò

"Kò jò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọwọ́ kàn án wò, ó gbẹ."

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún awakọ̀ tírélà tàbí típà nìyí níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe láti Mile 2 títí dé Agboju ní Èkó, bó bá mú ẹjọ́ wá pé ọkọ̀ òun kì í fẹ́ jí láàárọ̀. Mẹkáníìkì á ki ìka bọ ìdí fílítà epo, á fà á yọ, á gbé e sójú oòrùn. Ìka gbẹ, kò sí dísẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, fílítà ti jàre ẹjọ́. Bátìrì ni wọn yóò kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà nọ́sù, bó bá sì pẹ́ díẹ̀, wọn á tú pọ́ǹpù kúrò lára ẹ́ńjìnnì, wọn á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ pọ́ǹpù wò lórí ẹ̀rọ. Owó á lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá pọ́ǹpù padà, ọkọ̀ á sítáàtì wàrà lójú gbogbo wọn, nítorí pé wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n á tún wà.

Ìka mẹkáníìkì kò purọ́. Ìdí fílítà gbẹ lóòótọ́. Ìgbàgbọ́ tó wà lẹ́yìn ìka náà ni kò tọ̀nà, pé ohunkóhun tó bá ń jò gbọ́dọ̀ ti inú bọ́ síta. Lára ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, jíjò tó ń dá ọkọ̀ dúró jù ni èyí tó ń gba ìta wọlé. Afẹ́fẹ́ ló ń wọlé, a kì í sì í rí afẹ́fẹ́ lórí ìka.

Àdúgbò wa yìí ti jìyà àṣìṣe yìí ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Wọ́n kọ́ Festac Town láti gba àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú lágbàáyé tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Àwọn tó ya First Avenue títí dé Seventh Avenue sórí pépà kò ní tírélà lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọdún 1977 yẹn náà ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island, ọdún náà sì ni Trade Fair bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Badagry, níbi tí ọjà ASPAMDA, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, wà lónìí. Bí ìlú àlejò ṣe bọ́ sáàárín èbúté àti ọjà nìyẹn, tí tírélà sì di ará ilé. Kí ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ wọ èbúté, tí wọ́n ń pè ní Ètò, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021, ọkọ̀ máa ń tò láti Mile 2 wọ Tin Can fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, á sùn, á jí, á sún síwájú ní ìwọ̀n ọkọ̀ mẹ́ta, á tún pa á. Kò sì sí ohun tó ń tú àṣírí fílítà tó ń gba afẹ́fẹ́ bíi kí ọkọ̀ máa dúró kó sì tún máa dìde. Ọkọ̀ tó ń sáré láti Èkó lọ Kánò láìdúró lè gbé àìsàn yìí rìn fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Èyí tó ń tò lẹ́nu èbúté kò lè bò ó mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé epo láti inú táǹkì. Táǹkì wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣaṣí. Ẹ́ńjìnnì wà lókè. Pọ́ǹpù kékeré kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fa dísẹ́ẹ̀lì gòkè kó sì tì í dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù ńlá. Láti táǹkì dé pọ́ǹpù kékeré yìí, fífà ni wọ́n ń fa epo, nítorí náà agbára inú páìpù níbẹ̀ kéré sí ti afẹ́fẹ́ ìta. Láti pọ́ǹpù kékeré dé pọ́ǹpù ńlá, títì ni wọ́n ń tì í, agbára inú páìpù sì ju ti ìta lọ. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká kò fúyẹ́ bí a ṣe rò. Ó ń tẹ gbogbo nǹkan ní ìwọ̀n tó sún mọ́ kìlógíráàmù kan lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Níbi tí àlàfo bá wà ní apá fífà, ìta ló lágbára ju inú lọ, ìta ni yóò sì wọlé. Epo kò ní ráyè jáde rárá.

Ẹni tó bá ti fi ẹnu fa epo rí nígbà ọ̀wọ́n epo mọ èyí láìlọ sí yunifásítì. Bí rọ́bà tó fi ń fà á bá ti lu níbì kan, epo kì í kán láti ojú ihò náà. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa kún ẹnu rẹ̀, epo á sì kọ̀, kò ní gòkè.

Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe nígbà tó bá dé pọ́ǹpù ńlá ló yẹ ká wò dáadáa. Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú pọ́ǹpù yìí fún títà ní Jámánì ní ọdún 1927, irú-ọmọ rẹ̀ ló sì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tó kù lójú títì wa. Ọ̀pá kékeré kan ni ó ń ti epo ìwọ̀nba sínú páìpù tóóró, epo yẹn á sì fi agbára tó ju ìlọ́po 150 agbára afẹ́fẹ́ ìta lọ ṣí ẹnu nọ́sù. Agbára yìí ṣeé rí nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ẹ̀ fún pọ̀. Bí a bá tì í, ó ti lọ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìhó afẹ́fẹ́ bá bọ́ síwájú ọ̀pá náà, ọ̀pá á tì í, á fún pọ̀, ọ̀pá á padà, òun náà á tún fẹ̀. Nọ́sù kò ní là. Sítáátà á máa yí ẹ́ńjìnnì títí bátìrì fi máa rẹ̀, kò sì ní sí èéfín kankan lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ẹ̀rí pàtàkì ni àìsí èéfín yẹn, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń wò ó kì í fẹ́ gbọ́ ohun tó ń sọ. Bí epo bá ń dé inú ẹ́ńjìnnì tí kò kàn jó, èéfín funfun á máa jáde. Bí kò bá sí èéfín rárá, epo kò débẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn ti le jù ni ọ̀rọ̀ Mercedes 911. Ìdílé ọkọ̀ oníbọ́ńẹ́ẹ̀tì kúkúrú yìí jáde ní ọdún 1959, ẹ́ńjìnnì OM 352 tó ní písítìnì mẹ́fà àti ìwọ̀n lítà 5.7 ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, àwọn ni wọ́n sì ti fi kó yanrìn, pákó àti màlúù káàkiri ilẹ̀ yìí títí tí a fi gbàgbé pé wọ́n ní ìlú tí wọ́n ti wá. Pọ́ǹpù kékeré wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù ńlá, fílítà gangan sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ní apá títì. Nítorí náà mẹkáníìkì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè dá mi lóhùn pé: "Ti tírélà Mack lẹ ń sọ, ìyẹn tí fílítà rẹ̀ àkọ́kọ́ wà ní apá fífà. Ti 911, bó bá ń jò, epo gbọ́dọ̀ hàn."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, epo á máa yọ níbi tí àlàfo bá wà. Bó bá kéré, ooru ẹ́ńjìnnì àti atẹ́gùn fáànù á máa gbẹ ẹ́, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ibi tó ti yọ, títí ìdí fílítà á fi dúdú kirimu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Nígbà tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sí ẹni tó ń ti epo mọ́. Epo tó wà lókè nínú fílítà wúwo, táǹkì sì wà nísàlẹ̀, ó fẹ́ padà sílé. Ohun tó ń dá a dúró ni ìlẹ̀kùn kékeré inú pọ́ǹpù kékeré, èyí tí kì í dé dáadáa mọ́ lára ọkọ̀ tó ti dàgbà, àti pé kò sí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé láti gba àyè rẹ̀. Bí àlàfo bá wà lókè, afẹ́fẹ́ á gbabẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, epo á sì yọ́ lọ sísàlẹ̀ láti alẹ́ títí di ìdájí. Àlàfo kan náà ló ń jò síta lọ́sàn-án, tó sì ń jò sínú lóru. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ní àárọ̀, kí ọkọ̀ tó dìde, á bá a ní gbígbẹ, á sì búra pé kò ní àìsàn.

Níbo ni ìgbàgbọ́ "ohun tó gbẹ kò jò" ti wá? Mo rò pé ara ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù ayé àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ, tí wọ́n sì gbé e lọ síbi tí kò yẹ. Kábúrétọ̀ ní agolo kékeré kan tí epo máa ń dúró sí, agolo náà sì ní ojú ihò tó ṣí sí afẹ́fẹ́. Bí ìhó díẹ̀ bá bá epo wá, á gbabẹ̀ jáde, epo inú agolo á máa gbé ọkọ̀ lọ, awakọ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fi ọdún púpọ̀ tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe á gbà pé afẹ́fẹ́ inú páìpù kò ju ohun yẹpẹrẹ lọ, àti pé jíjò tó yẹ ká bẹ̀rù ni èyí tó ń rùn, tó sì lè gbiná. Fún ọkọ̀ tí ẹni náà ti kọ́ iṣẹ́ yẹn lára rẹ̀, ọgbọ́n ni. Pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì kò ní agolo bẹ́ẹ̀.

Àwọn awakọ̀ fúnra wọn ti rí àmì àìsàn yìí tipẹ́, wọn kò kàn mọ ohun tó túmọ̀ sí ni. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọkọ̀ kan "kì í fẹ́ kí epo rẹ̀ dínkù." Bí táǹkì bá kún, kò ní wàhálà. Bó bá ti lọ sísàlẹ̀ ìdajì, á bẹ̀rẹ̀ sí í já lójú ọ̀nà. Ìdí ni pé bí epo bá ṣe jìnnà sísàlẹ̀ tó ni pọ́ǹpù kékeré á ṣe fi agbára fà á tó, tí àlàfo á sì ṣe rí afẹ́fẹ́ gbà tó. Wọ́n á tún sọ pé ó máa ń sítáàtì, á ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á sì kú. Epo tó ṣẹ́kù nínú pọ́ǹpù ńlá ló lò tán, ìhó ló tẹ̀lé e. Tàbí kí ó máa rìn dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó máa já bó bá ru ẹrù gun afárá Mile 2, nítorí pé ẹrù ń béèrè epo púpọ̀, epo púpọ̀ sì ń béèrè fífà tó le.

Ọ̀nà kan wà láti ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára pọ́ǹpù tó ti jẹ tán lóòótọ́. Pọ́ǹpù tó ti jẹ sábà máa ń fi ìwà rẹ̀ hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná: dísẹ́ẹ̀lì gbígbóná fúyẹ́, ó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tó ti jẹ, ọkọ̀ tó jí dáadáa ní òwúrọ̀ á wá kọ̀ láti dìde lọ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n pa á fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ti afẹ́fẹ́ yàtọ̀. Iye wákàtí tí ọkọ̀ fi dúró ló ṣe pàtàkì sí i, ì báà gbóná, ì báà tutù. Ìbéèrè kan péré, "Ìgbà wo ló ń kọ̀?", lè gba oní-ọkọ̀ lọ́wọ́ ìnáwó pọ́ǹpù, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ ló ń béèrè rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ yí ìdánwò ìka padà. Ẹ bu dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ sínú jẹ́ríkàn, ẹ gbé e sí ibi tó ga ju fílítà lọ, bíi orí kábíìnì, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà tí epo táǹkì ń gbà wá. Epo tó ń bọ̀ láti òkè ń tẹ inú síta. Àlàfo tó ń fa afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ nu ìdí fílítà àti gbogbo oríkèé páìpù mọ́, kí ẹ bu páúdà ọmọdé díẹ̀ wọ́n wọn. Níbi tí epo bá ti yọ, bó ti wù kó kéré, páúdà á ṣú lójú yín. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí nítorí pé oní-ọkọ̀ tí kò mọ nǹkankan nípa ẹ́ńjìnnì lè dúró síbẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Bí ọkọ̀ bá sì ṣiṣẹ́ dáadáa lórí jẹ́ríkàn, tí ibi kankan nídìí fílítà kò kán, á jẹ́ pé ibi tó lu wà láàárín táǹkì àti ibi tí ẹ ti tú páìpù. Ẹ lè fi rọ́bà funfun tó mọ́ gaara dípò páìpù díẹ̀ níwájú pọ́ǹpù kékeré, kí ẹ sì máa wo ìhó bó ṣe ń kọjá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àwọn tó ń fọn táyà fẹ́ táǹkì láti wá ibi tó lu. Táǹkì kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ti rí ibi tó ń jò, àṣìṣe kejì ló kàn: "Ẹ fún un le sí i." Agbára apá kì í dí àlàfo fílítà, òrùka rọ́bà ló ń dí i. Fílítà tí wọ́n ń yí mọ́ orí, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń dè é. A ó fi dísẹ́ẹ̀lì pa òrùka rẹ̀ lára, a ó yí i títí òrùka á fi kan orí, lẹ́yìn náà a ó fi ìdajì yípo tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yípo kún un. Iye tí wọ́n bá tẹ̀ sára agolo rẹ̀ gan-an ni ká tẹ̀lé. Ẹni tó bá fi ṣéènì fún un dé òpin ti tẹ òrùka náà pa, á sì jò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí wọ́n ń fi bóòtù gígùn kan dè láàárín, bíi ti 911 àtijọ́, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí fífún àfúnjù lè ba ọnà orí rẹ̀ jẹ́, ọnà tó bá sì ti bàjẹ́, orí titun ni.

Ohun tó ń fa jíjò lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fílítà kò ṣòro mọ̀. Wọ́n yọ fílítà àtijọ́, òrùka rẹ̀ kò bá a wá, ó lẹ̀ mọ́ orí, ó dúdú bí irin tó yí i ká, kò sì sẹ́ni tó rí i. Wọ́n yí titun mọ́ ọn. Òrùka méjì wá gun ara wọn. Kò sí agbára tó lè mú méjì jókòó níbi tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan. Kí ẹ tó de titun, ẹ ki ìka bọ òkè, kí ẹ fi ìka tọ ojú ibi tí òrùka ń jókòó sí yípo. Níbí gan-an ni ìka wúlò. Ẹ wo wáṣà bàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù páìpù náà. Bàbà máa ń le lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní dí àlàfo mọ́. Titun ni kí ẹ fi sí i, tàbí kí ẹ fi iná sun àtijọ́ títí á fi pọ́n kó lè rọ̀ padà.

Gọ́ọ̀mù àti ọṣẹ tí wọ́n ń fi dí i ńkọ́? Ọṣẹ lè dá táǹkì tó lu dúró títí ẹ ó fi délé, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ìdí fílítà ni kò yẹ kó dé. Dísẹ́ẹ̀lì á tú gọ́ọ̀mù, á máa já a wẹ́wẹ́, èyí tó bá sì bọ́ sẹ́yìn fílítà kò ní asẹ́ kankan níwájú mọ́ títí á fi dé pọ́ǹpù. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá pọ́ǹpù àti ilé rẹ̀ kò ju ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ, irun orí wa sì nípọn jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po.

Àwọn kan tún ń sọ pé dísẹ́ẹ̀lì òde òní ló burú, pé òun ló ń jẹ òrùka rọ́bà. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìpìlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti yí i po. Nígbà tí àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n dín súfúrù inú dísẹ́ẹ̀lì ojú ọ̀nà kù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1993, ọkọ̀ àtijọ́ púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò níbi tí kò jò rí. Epo titun kò ba rọ́bà jẹ́. Rọ́bà àtijọ́ ti mu epo àtijọ́ yó, ó ti wú sínú àyè rẹ̀; nígbà tí èròjà epo yí padà, ó súnkì, ó sì ti le jù láti tún wú. Rọ́bà titun kò ní ìṣòro yẹn. Dípò kí ẹ máa lé orísun dísẹ́ẹ̀lì kiri, ẹ pààrọ̀ òrùka. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan ní Trade Fair, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé rọ́bà tó le fún dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tà fún yín, torí òrùka tí wọ́n ṣe fún omi máa ń wú nínú epo.

Ó ku bí a ṣe ń kún fílítà titun. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí mọtobọ́ì bu dísẹ́ẹ̀lì láti inú jẹ́ríkàn dà sí i láti ojú ihò àárín kí ọkọ̀ lè tètè jí. Ojú ihò àárín ni epo tó ti mọ́ ń gbà jáde. Epo tí a bá dà síbẹ̀ ti fo asẹ́ kọjá, pẹ̀lú gbogbo yanrìn ìdí jẹ́ríkàn. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ọwọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré orí fílítà díẹ̀, kí ẹ máa tẹ pọ́ǹpù ọwọ́. Ìhó funfun ni yóò kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà epo tó ń hó, lẹ́yìn náà epo tó dán láìsí ìhó. Ẹ má dáwọ́ títẹ̀ dúró nígbà tí ẹ bá ń dè é padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ojú nọ́ọ̀tì ti pọ́ǹpù ńlá, kí ẹ tó sítáàtì.

Bó bá sítáàtì, ìyẹn kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Bó bá jí láàárọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pọ́ǹpù ọwọ́, iṣẹ́ ti parí. Bó bá ṣì kọ̀, tí jẹ́ríkàn orí kábíìnì kò sì mú kí ibi kankan kán, tí ẹ kò sì rí ìhó nínú rọ́bà tó mọ́ gaara, ìgbà náà ni kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tú pọ́ǹpù.